Ta Ló Ni Àga Ọkọ̀ Yìí?

Nígbà tí Ifábùnmi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Lazarus ní Moniya, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Òwú aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi rán an gàdàgbà sára ibi ìfẹ̀yìntì àga: OLUMUYIWA & SONS. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó padà sẹ́yìn, ó wo nọ́ńbà ọkọ̀, bóyá ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n mú òun lọ bá. Ọkọ̀ rẹ̀ náà ni.

Gbogbo inú ọkọ̀ ti yí padà. Àga tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀, wọ́n ti hú u kúrò. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ pupa bí epo, ó ń dán, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì wọlẹ̀ bí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Wọ́n fi aṣọ funfun bo abẹ́ òrùlé, wọ́n wá fi bọ́tìnnì tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Wájawàja ń mì lójú gíláàsì iwájú. Nílẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń gbé, kápẹ́ẹ̀tì onírun gígùn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bíi ti yàrá ìyàwó tuntun.

Lazarus dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ìyá Fẹ̀yìntọlá, ẹ ò lè sọ̀rọ̀! Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu."

Lóòótọ́ ni Ifábùnmi kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ ló dí i lẹ́nu.

Fágbóhùn, bàbá rẹ̀, ló ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ní abúlé wọn lẹ́yìn Akínyẹlé, kò sí ẹni tí kò mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òun ló ń kó ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo àwọn ará oko wá sí Moniya. Fágbóhùn bí ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kí òórùn ẹ̀gẹ́ máa run lára òun. Ifábùnmi ló ń bá a gun ọkọ̀ láti kékeré, òun ló sì kọ́ ní wíwà lójú ọ̀nà oko. Nígbà tí àìsàn dá bàbá náà dùbúlẹ̀, ó pe ẹbí jọ, ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, Ifábùnmi ni kẹ́ ẹ kó o fún." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ta ni yóò jiyàn nígbà tí òun nìkan ló lè wà á?

Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé Fágbóhùn ga bí ọ̀pẹ, ọmọ rẹ̀ sì kúrú. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàbá ni wọ́n fi ṣe àga náà. Láti ọjọ́ tí Ifábùnmi ti jogún rẹ̀, àpò tí wọ́n ká àti ìrọ̀rí kan ló ń tì sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè tó bíréèkì. Ẹ̀yìn wá ń dùn ún débi pé bó bá sọ̀ kalẹ̀, yóò di ilẹ̀kùn mú, yóò dúró díẹ̀, kó tó lè nà tán. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ọkọ̀ lọ bá Lazarus, ẹni tó ń rán àga mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Kì í ṣe pé kò ṣàlàyé fún un. Ó gun ọkọ̀ lójú Lazarus, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ hàn án. "Gbé e sókè. Tì í síwájú dé ibí. Fóòmù tó le ni kó o fi sẹ́yìn. Léda dúdú tó ṣe é fi omi fọ̀ ni mo fẹ́, torí omi ẹ̀gẹ́ àti ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi." Lazarus ń mi orí bí alángbá orí ògiri, ó ní òun ti gbọ́.

Ifábùnmi wá yíjú sí i báyìí.

"Lazarus, ta ló pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mi?"

Ẹ̀rín ojú ọkùnrin náà rẹlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá Fẹ̀yìntọlá ni. Wọ́n wá fúnra wọn. Wọ́n ní irú àga tó wà nínú jíìpù ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́ ni ká ṣe, wọ́n tún fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ní ká má sọ fún yín, pé àwọn fẹ́ fi yà yín lẹ́nu."

"O wá gbà. O ò pè mí."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọkọ yín ló sọ̀rọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n óò tún máa lọ bi ìyàwó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ifábùnmi ju orúkọ ara àga lọ. Ó wo ẹ̀yìn àga tuntun náà.

"Ìrọ̀rí mi àti àpò mi dà?"

"Háà, a ti sun wọ́n. Wọ́n ti gbó jù."

Àfi bí fóònù ṣe dún. Ìyá Àyàndùnní ló ń pè láti oko, àgbà obìnrin kan tó ti ń gbé ẹ̀gẹ́ sí ọkọ̀ yìí láti ìgbà Fágbóhùn. Wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ láti àná, inú rẹ̀ ti fẹ́ máa dúdú, àwọn tó ń yan gaàrí kò sì ní gba èyí tó ti dúdú. "Ọmọ mi, ṣé o ti ń bọ̀?" Kí ni Ifábùnmi ìbá sọ? Ó ní òun ń bọ̀, ó gun ọkọ̀, kò sì kí Lazarus pé ó dàbọ̀.

Etí àga ló fi ìdí lé bó ti ń lọ. Tó bá jókòó dáadáa, àga náà á gbé e mì bí ẹrẹ̀, apá rẹ̀ kò sì ní ká sítíárìn. Léda náà ń yọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, ìdí rẹ̀ á fà sápá kan. Ó ń wakọ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé oko, àwọn obìnrin pariwo. "Ọkọ̀ di ti olówó!" Wọ́n ń fọwọ́ kan àga, wọ́n ń fọwọ́ kan wájawàja. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tán, Ìyá Àyàndùnní gun iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifábùnmi. Ó fi ìka tọ òwú aláwọ̀ wúrà náà.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Orúkọ bàbá Fẹ̀yìntọlá ni, Ìyá. Olúmúyìwá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀."

Ìyá arúgbó náà wo ojú rẹ̀. "Ọmọkùnrin wo? Ṣebí obìnrin méjèèjì ni tìẹ. Àbí ó ti bí síta ni?"

Ifábùnmi kò tíì ro ìyẹn. Láti àárọ̀ tí inú ti ń bí i, orúkọ ọkùnrin náà nìkan ló ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé orúkọ náà kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Fẹ̀yìntọlá àti Olúwanífẹ́mi ni ọmọ tó bí. Ta wá ni àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi òwú wúrà rán sẹ́yìn òun? Ó ṣáná sí ọkọ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà náà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá odò. Gbogbo ayé Ifábùnmi ló ti ń sọ̀ ọ́, kò bà á lẹ́rù rí. Lọ́jọ́ náà, ẹrù ẹ̀gẹ́ wúwo lẹ́yìn, ọkọ̀ sì ń sáré díẹ̀. Bó ti fẹ́ kan afárá ni ọlọ́kadà kan já láti ẹ̀bá ọ̀nà, ó gbé obìnrin kan sẹ́yìn, obìnrin náà sì pọn ọmọ. Ifábùnmi tẹ bíréèkì. Bó ti na ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ yọ̀ wọ inú àga lọ. Orí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi kan bíréèkì. Ó wọ́ ara rẹ̀ dìde, ó di sítíárìn mú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Kápẹ́ẹ̀tì onírun náà ti ká jọ sábẹ́ rẹ̀.

Obìnrin ẹ̀yìn ọ̀kadà kígbe. Ifábùnmi rí ẹnu rẹ̀ tó là. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó yí sítíárìn sápá òsì, ọkọ̀ náà bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó gun ebè kan, ó gun ìkejì, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú.

Kò sí ohùn kankan mọ́. Ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ àti ọmọ ẹ̀yìn ọ̀kadà tó ń ké. Ọlọ́kadà náà dúró láàárín ọ̀nà. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ifábùnmi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ìyá Àyàndùnní ti fi iwájú orí gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ojú rẹ̀ wá sílẹ̀, ó ń kán sórí àga pupa náà, a kò sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀.

"Ìyá! Ìyá, ẹ dákun!"

"Mo wà láàyè," ni ìyá wí. "Má ké. Fún mi láṣọ."

Ifábùnmi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ojú ọgbẹ́ náà fún un. Lẹ́yìn náà ló tẹríba sílẹ̀ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa kápẹ́ẹ̀tì náà tu. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ létí. Èékánná rẹ̀ kán, kò dá a dúró. Ó hú u tán, ó jù ú sínú igbó. Ó bọ́ ìró òkè tó ró, ó ká a nípọn, ó tì í sẹ́yìn ara rẹ̀, ó wá fi tòbí nìkan jókòó ti sítíárìn. Àwọn ọkùnrin tó sáré wá láti oko ti ọkọ̀ náà jáde. Kò sí ẹni tó dán an wò láti bi í pé níbo ni ìró rẹ̀ wà.

Ó gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà. Ó já ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń yan gaàrí. Lẹ́yìn náà ló wa ọkọ̀ lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Lazarus.

Lazarus ń fi màṣíìnì rán àga takisí kan lọ́wọ́. Bó ti rí i pẹ̀lú tòbí, tí kò wé gèlè, ó dìde. Ifábùnmi mú sísọ́ọ̀sì ńlá tó wà lórí tábìlì, ó gun ọkọ̀, ó sì ti ẹnu rẹ̀ bọ inú léda náà lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó gé e láti òkun dé ọ̀sà. Fóòmù funfun yọ jáde bí ìfun.

"Yéè! Ìyá Fẹ̀yìntọlá! Iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ," ni Ifábùnmi wí. "Súnmọ́ ibí. Fọwọ́ kan àga yìí. Kí ni ìyẹn? Epo ni àbí ẹ̀jẹ̀?"

Lazarus fọwọ́ kàn án, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò kíákíá. "Ẹ jẹ́ n pe ọ̀gá."

"Pè é."

Kò pẹ́ tí Olúmúyìwá fi dé. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Bódìjà, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ lókè lódò, ó wo léda tó ya.

"Kí lo ń ṣe yìí? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ohun ẹ̀yẹ tí mo ṣe fún ẹ lo ń fi sísọ́ọ̀sì gé, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú tòbí nídìí!"

"Ṣé o bi mí?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ifábùnmi wọlé ọkùnrin yìí, ì báà jẹ́ nínú ìjà, ì báà jẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, "ẹ" ló ń pè é. Kò ronú kí "o" náà tó jáde. Nígbà tó sì ti jáde, kò dá a padà.

"Èmi lò ń pè ní 'o'?"

"Ìwọ ni. Mo ní, ṣé o bi mí kó o tó wá pààrọ̀ ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ mi?"

"Mo gbọ́dọ̀ bi ọ́? Ọkọ ẹ ni mí!"

"Ọkọ ni ọ́. O kì í ṣe ọlọ́kọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè fi ikọ́ bò ó. Ojú Olúmúyìwá pọ́n.

"Àwọn ọmọkùnrin tó o kọ síbí," ni Ifábùnmi tún wí, ó na sísọ́ọ̀sì sí ohun tó kù nínú orúkọ náà, "ta ni ìyá wọn?"

"Ọmọkùnrin wo?"

"Àwọn tó o kọ ni mò ń bi ọ́. Fẹ̀yìntọlá kì í ṣe ọkùnrin. Olúwanífẹ́mi kì í ṣe ọkùnrin. Ìyá tó ń gbé ẹ̀gẹ́ sọ́kọ̀ mi ló bi mí bóyá o ti bí síta, mi ò rí ìdáhùn fún un."

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn!" Ohùn ọkùnrin náà ti lọ sókè. "Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ṣé o ti rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ọmọbìnrin sí rí?" Ó dúró, ó fa káàdì ọrùn rẹ̀. "O ò mọ ohun tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. 'Ọkọ dírẹ́bà.' Bí ọkọ̀ ẹ bá ti ń kọjá báyìí, wọ́n á ní, ìyàwó ọ̀gá ti ń ru ẹ̀gẹ́ lọ o. Mo ní kí wọ́n ṣáà rí orúkọ mi níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ wa ni."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Ifábùnmi wò ó bí ẹni tó mọ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun bú u. Ká ní inú yàrá wọn ló ti sọ ọ́, bóyá ìbá fọwọ́ kàn án léjìká. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá arúgbó kan wà lábẹ́ èékánná òun tó kán.

"Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá gbọ́," ló wí. "Ìtìjú tìẹ lo lọ tẹ́ sábẹ́ bíréèkì mi. Ó kù díẹ̀ kí n pa ìyá ọlọ́mọ lónìí pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Àyàndùnní wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán iwájú orí rẹ̀ bí ẹní rán aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyí lórí ohun ẹ̀yẹ rẹ."

Olúmúyìwá wo àga náà. Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Lazarus bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. "Ìyá Fẹ̀yìntọlá, ẹ má bínú, ẹ fi orí jìn mí..."

"Má bẹ̀ mí," ni Ifábùnmi wí. "Wọ̀n mí."

Lẹ́yìn tí wọ́n hú àga pupa náà kúrò, ó gun ọkọ̀, ó jókòó sórí pákó lásán tí wọ́n fi ṣe ìdí àga, Lazarus sì wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìdí, láti ìdí dé ibi tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ifábùnmi kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì, ó ń wo gbogbo abẹ́rẹ́ tó wọlé. Nígbà tí wọ́n gé fóòmù, ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Kò le tó." Wọ́n gé òmíràn. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n de àga náà mọ́lẹ̀. Ó gùn ún, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ó tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì kúrò lára àga.

"Ṣé ká fi òwú kọ orúkọ tiyín sí i?" ni Lazarus bi í, pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

"Àga ni mo ní kó o ṣe. Mi ò ní kó o ṣe pátákó."

Nílé wọn ní Ajibode, ọkọ àti aya kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pálọ̀ ni Olúmúyìwá ń sùn. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Gbọ́njúbọ́lá, wá láti Lálúpọn láti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ tẹnu àbúrò rẹ̀ tán, ó pe Ifábùnmi sí ilé ìdáná.

"O pe ọkọ rẹ ní 'o' ní gbangba. Kò dáa. Wá kúnlẹ̀, kọ́rọ̀ ó tán."

"N óò kúnlẹ̀ lórí 'o', ẹ̀gbọ́n mi," ni Ifábùnmi dáhùn. "Wọ́n kọ́ mi nílé. Lórí àga, mi ò ní kúnlẹ̀. Òun náà ní ẹni tó yẹ kó lọ bẹ̀."

"Ta ni?"

"Ẹ bi í. Ó mọ̀ ọ́n."

Ó wọ pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Fẹ̀yìntọlá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì yín pè." Ó dìde. Kò fi nǹkan kan kún un. Olúmúyìwá ní òun ti gbọ́. Gbọ́njúbọ́lá wo àbúrò rẹ̀ pé kó sọ tirẹ̀, ọkùnrin náà sì ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Olúmúyìwá tó kọ̀ tí kò ṣáná láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òjò sì ń ṣú. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù gbóná. Ó dúró pẹ́, ó wá gun iwájú pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan.

"Àga yìí le o," ló wí.

"Ó le."

Nígbà tí wọ́n dé oríta, Ifábùnmi yí sítíárìn sápá Moniya.

"Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀."

Olúmúyìwá lè ní kó dúró kí òun sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjá Moniya, wọ́n kọjá Akínyẹlé, wọ́n sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kalẹ̀ sí afárá, Ifábùnmi sì tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́. Ó rí i pé ọkọ òun wo oko ẹ̀gẹ́ tó wà lápá òsì, níbi tí ebè kan ti wó.

Ìyá Àyàndùnní jókòó lábẹ́ ìbòòji níwájú ilé rẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àpá náà gùn láti ibi irun dé ìpéǹpéjú. Ifábùnmi kò pa ẹ́ńjìnnì. Kò sọ̀ kalẹ̀. Olúmúyìwá ló sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ sápò, ó rìn lọ síwájú ìyá náà. Ó kọ́kọ́ tẹríba. Nígbà tó wá rí àpá náà dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó lọ̀ lára rẹ̀.

Ifábùnmi kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, torí ẹ́ńjìnnì ń ké. Ó rí i tí ìyá na ọwọ́, tó ń gbá èèpo kúrò lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Ó mọ̀ pé yóò ṣì máa bí i fún ìgbà díẹ̀ sí i, bóyá títí òjò ọdún yìí yóò fi dá. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá tó gun ọkọ̀, ẹrẹ̀ gba àyà rẹ̀. Ifábùnmi wo iwájú rẹ̀, ó ti ọkọ̀ bọ gíà, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́.